Láti Ìbàràpá Dé Jídà: Bí Ìrìn Ọdún Púpọ̀ Ṣe Di Ti Wákàtí Márùn-ún

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ilẹ̀ àti òfuurufú, tó sì fún ẹ̀dá ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn àti ọgbọ́n tí ó fi ń fò. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lọ́dọọdún, bí oṣù hájì bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ ilé kéwú wa: báwo ni Mọ́kà ṣe jìnnà sí wa tó? Àwọn àgbà a máa dáhùn pé ó jìnnà gan-an ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti rí aláàjì tó wọ bàálù lówùúrọ̀, tó sì fi tẹlifóònù kí ilé láti Jídà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a máa sọ pé kò jìnnà rárá. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà láàárín wa àti Mọ́kà kò yí padà láti ayé Ànábì títí di òní. Àkókò tí a fi ń là á kọjá ló yí padà. Bí ó ṣe yí padà, ohun tí ó ná àwọn baba wa, àti ohun tí ó ń ná àwa náà, ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ.

BÁWO NI Ó ṢE JÌNNÀ TÓ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ti Igbó-Ọrà lọ sí Erúwà mọ̀ pé bíi 20 kìlómítà ni. Àwọn ìyá wa tó ń ru ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ lọ sọ́jà láyé àtijọ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn ín ní òwúrọ̀ kan. Láti Igbó-Ọrà sí Mọ́kà, bí a bá fa okùn kan le dáadáa láti ìlú kan sí ìkejì, ó tó bíi 4,200 kìlómítà. Ìyẹn ni pé ẹni náà yóò rin ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Erúwà ní ìgbà 210 kí ojú rẹ̀ tó rí Kaaba. Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ní Èkó sí ti Jídà, bíi 4,200 kìlómítà náà ni. Láti Kánò, tí ó súnmọ́ ìhà ibẹ̀ jù wá lọ, ó jẹ́ bíi 3,400.

Kí ló dé tí a fi sọ pé okùn tí a fà le? Ayé rí roboto bí ọsàn ni. Ẹni tó bá na rúlà lé àwòrán ilẹ̀ tí a tẹ̀ sórí bébà pẹlẹbẹ yóò rò pé ìlà tí rúlà fà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Ṣùgbọ́n bí a bá mú àwòrán ayé tó rí roboto, irú èyí tí olùkọ́ ń gbé sórí tábìlì ní iléèwé, tí a fi òwú so Èkó mọ́ Jídà, tí a sì fa òwú náà le, a ó rí i pé òwú náà gba apá àríwá díẹ̀ ju ìlà rúlà lọ. Ọ̀nà òwú yìí ni ó kúrú jù. Òun sì ni awakọ̀ bàálù máa ń fẹ́ tọ̀ bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa Mùsùlùmí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé òwú kan náà ni kíbúlà wa. Nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń sọ pé a kọjú sí gábàsì, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá, tí ó túmọ̀ sí ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ní Ìbàràpá níhìn-ín, kíbúlà kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka dígírì láti àríwá, ìlà-oòrùn gan-an wà ní dígírì 90, ṣùgbọ́n kíbúlà wa wà ní bíi dígírì 64. Ẹni tó bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ ní láti yà sí apá òsì rẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bàálù tó gbéra ní Èkó tó sì dorí kọ Jídà tààrà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọ ìlà tí ìmáàmù kọjú sí nínú mọ́ṣáláṣí. Ìlà tí a ń fi iwájú orí kàn nígbà márùn-ún lójúmọ́ ni ọ̀nà tí a ń fò lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀NÀ ẸLẸ́SẸ̀

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń lọ sí hájì. Ní ọdún 1324 ni Mansa Musa, ọba ilẹ̀ Málì, gba Káírò kọjá lọ sí Mọ́kà pẹ̀lú wúrà tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ Lárúbáwá kò yé sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba ni ìyẹn. Àwọn mẹ̀kúnnù gba ọ̀nà mìíràn, wọn kò sì ní wúrà.

Ọ̀nà tí àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ jù gba ilẹ̀ Haúsá. Láti Kánò, wọn a lọ sí Bọ̀nú, wọn a gba ẹ̀bá adágún Chad kọjá sí Abéché, wọn a wọ ilẹ̀ Darfur ní El Geneina, wọn a dé El Fasher, láti ibẹ̀ sí El Obeid, wọn a sì kọjá odò Náílì ní ìhà Khartoum. Lẹ́yìn èyí ni aṣálẹ̀ mìíràn títí dé èbúté Suakin ní etí Òkun Pupa. Níbẹ̀ ni wọn a ti wọ ọkọ̀ ojú omi sí Jídà, ìrìn bíi 320 kìlómítà lórí omi. Àwọn Haúsá, Fúlàní àti Kànúrí ni wọ́n pọ̀ jù lójú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n Yorùbá náà kò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ènìyàn bá ń rin 30 kìlómítà lójúmọ́ láìsinmi, tí ọ̀nà sì tọ́ bí ọ̀pá, 140 ọjọ́ ni yóò fi rin 4,200 kìlómítà, kò tó oṣù márùn-ún. Kí ló wá dé tí ìrìn-àjò náà fi ń gba àwọn kan ní ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, àní tí ó ń gba àwọn mìíràn ní ọdún púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìdí kìn-ín-ní ni pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í tọ́. Ibi tí kànga bá wà ni ẹsẹ̀ ń gbà, kì í ṣe ibi tí òwú bá gbà. Ìdí kejì ni pé owó kò sí. Ẹni tó jáde nílé kò lè ru oúnjẹ ọdún kan sórí, nítorí náà yóò dúró lọ́nà láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ oko a roko fún ẹlòmíràn, ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ a ránṣọ, ẹni tó mọ kéwú a kọ́ àwọn ọmọ onílùú. Bí owó bá jọ díẹ̀, a tún gbéra. Ìdí kẹta ni òjò, òùngbẹ àti àìsàn.

Ìdí kẹrin ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà rántí. Ọjọ́ hájì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Dhul-Hijja ni dídúró ní Arafa. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kẹwàá ti là ti pàdánù hájì ọdún náà, yóò sì ní láti dúró de òmíràn. Ìyẹn ni pé ẹni tó rìn fún ọdún méjì, tí ó fi ọjọ́ kan pẹ́ ní èbúté nítorí pé kò rí ọkọ̀, ọjọ́ kan yẹn lè ná an ní ọdún kan gbáko. Ọdún òṣùpá jẹ́ 354 ọjọ́ tàbí 355, ẹni tí kò ní owó oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ni yóò dúró fún gbogbo rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ bá ti dá wọn dúró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ilé. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Sennar ní 1925, tí oko òwú ńlá Gezira sì bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè Sudan, àwọn tó ń lọ sí hájì àti àwọn tó ń bọ̀ láti hájì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ká òwú níbẹ̀. Takárírì tàbí Fẹ̀látà ni àwọn ará Sudan ń pè wọ́n. Ìlú kan sì wà ní etí odò Náílì Aláwọ̀-Búlúù tí à ń pè ní Mai Wurno. Orúkọ ọmọ Súlútáánì Attahiru ti Ṣókótó ni. Attahiru ti dorí kọ ìhà ìlà-oòrùn lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó gba Ṣókótó, wọ́n sì pa á ní Burmi ní 1903. Ọmọ rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò padà, wọ́n ń lọ títí wọ́n fi tẹ̀dó sí Sudan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà yẹn bí ọmọ, àwọn ọmọ náà tún bí ọmọ. Nítorí náà, bí a bá ń ka iye ọdún tí ìrìn-àjò hájì ń gbà láyé àtijọ́, ẹ má ṣe gbàgbé pé ti àwọn mìíràn kò tíì parí di òní.

IRIN ÀTI LỌ́RÌ

Ohun àkọ́kọ́ tó gé ìrìn-àjò yìí kúrú ni ọkọ̀ ojú irin. Ní 1901 ni irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ṣí títí dé Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di 1912, ó ti dé Kánò. Irin kò gba Ìbàràpá kọjá, ará Ìbàràpá tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti lọ bá a ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn. Síbẹ̀, Èkó sí Kánò, tó tó bíi 1,100 kìlómítà, tí ìbá jẹ́ ìrìn oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan fún ẹlẹ́sẹ̀, di ti ọjọ́ díẹ̀.

Ní ìkangun kejì náà, ìjọba Sudan ìgbà náà ṣí èbúté tuntun, Port Sudan, ní 1909, ó sì rọ́pò Suakin. Nígbà tí yóò fi di 1912, irin ti dé El Obeid. Ẹ wá wò ó bí Ọlọ́hun ṣe ṣe é: ní ọdún kan náà, irin wà ní Kánò, irin sì wà ní El Obeid, ṣùgbọ́n ìlà àárín àwọn méjèèjì, tó ju 2,300 kìlómítà lọ, kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ràkúnmí. Lọ́rì ni ó wá dí àlàfo yìí díẹ̀díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Lọ́rì náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ó ń rì sínú yanrìn, ó ń dúró de òjò kí ó dá, àwọn oníbodè sì ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ọdún ti di ohun tó ń gba oṣù.

BÀÁLÙ TỌ IPASẸ̀ ẸLẸ́SẸ̀

Ní 1925, bàálù ológun mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀gágun Arthur Coningham jẹ́ olórí wọn, fò láti ìhà Káírò wá sí Kánò, wọ́n sì padà. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù gbé lẹ́tà àti èrò láàárín Khartoum àti Kánò, ọdún náà kò sì tán tí ó fi dé Èkó.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni àwọn ìlú tí bàálù náà ń bà sí: El Obeid, El Fasher, El Geneina, Fort Lamy tí a ń pè ní N'Djamena lónìí, Maiduguri, Kánò. Ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gan-an ni! Bàálù ìgbà náà kò lè gbé epo tí yóò fi fò jìnnà, nítorí náà ó ń bà lẹ́sẹẹsẹ bí ẹyẹ tó ń ti orí igi dé orí igi. Ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń pọn omi ni bàálù ti ń ra epo. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti 1940, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó bàálù ogun wá sí Takoradi ní ilẹ̀ Gánà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò, Maiduguri àti Darfur lọ sí Khartoum àti Káírò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló gba ọ̀nà yìí. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ lọ sí hájì lákòókò náà ń gbọ́ ariwo wọn lókè orí.

Lẹ́yìn ogun ni àwọn oníṣòwò ńlá ní Kánò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bàálù fún hájì fúnra rẹ̀. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ìgbìmọ̀ ìtọ́jú àwọn aláàjì sílẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, Kristẹni sì ni ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ èyí. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá ìgbìmọ̀ aláàjì ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, ní 2006 sì ni wọ́n ṣe òfin tó dá Àjọ Hájì ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀, èyí tó ń bójú tó o lónìí.

Nígbà tí bàálù jẹ́ẹ̀tì dé, kò sí ìdí fún bíbà sí Maiduguri tàbí El Fasher mọ́. Ó lè gbéra ní Èkó kí ó má ba síbì kan títí di Jídà. Owó epo rọ̀bì sì wà nílùú. Ní 1977, iye àwọn tó ti Nàìjíríà lọ sí hájì ju 100,000 lọ. Ní 1981, Saudi ṣí pápá ọkọ̀ òfuurufú ńlá ti Ọba Abdulaziz ní Jídà, tó ní ibùdó kan tí òrùlé rẹ̀ rí bí àgọ́ fún àwọn aláàjì.

BÍ A TI Ń KA WÁKÀTÍ

Bàálù jẹ́ẹ̀tì ńlá, bí ó bá ti gun òkè tán, ń sáré bíi 850 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 850 pín 4,200: kò tó wákàtí márùn-ún, díẹ̀ ló kù. Ẹ fi àkókò gígùn òkè àti sísọ̀kalẹ̀ kún un, yóò di wákàtí márùn-ún tàbí márùn-ún ààbọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ń rin kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan yóò fi 1,050 wákàtí rin ọ̀nà kan náà. Wákàtí márùn-ún wa jẹ́ ìdá kan nínú bíi 200 ti àwọn baba wa, bí a kò bá ka ìsinmi wọn, oko tí wọ́n ro, àti ibojì tí wọ́n gbẹ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa bi wá pé: bí ayé bá ń yí, ṣé bàálù kò kàn lè gòkè kí ó dúró sójú kan kí Mọ́kà wá bá a ni? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ń bá ayé yí, bàálù tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà sì ń bá a yí. Àti pé, bí kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìhà ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí; ẹni tó bá dúró sójú kan lókè Èkó, Gánà ni yóò wá bá a, Mọ́kà yóò sì máa sá lọ.

Yíyí ayé yìí ló fa ìyàtọ̀ aago. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. Jídà sì fi bíi dígírì 36 wà ní ìlà-oòrùn Èkó. Nítorí náà, oòrùn ń kan orí àwọn ará Jídà ní nǹkan bí wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ó lé kí ó tó kan orí wa. Ní ti aago ìjọba, wákàtí méjì ni Saudi fi ṣíwájú Nàìjíríà. Bàálù tó gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tó fò fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀, yóò bà ní aago mẹ́ta ààbọ̀ wa, ṣùgbọ́n aago Jídà yóò máa lu márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ń bọ̀ wálé, tó gbéra ní Jídà ní aago mẹ́wàá, tó sì lo iye wákàtí kan náà, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni yóò bá ní Èkó. Wákàtí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ ni wọ́n dá padà nígbà tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrun wà nínú èyí. Ẹni tó ń fò lọ síhà ìlà-oòrùn, ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Ailà àti Àlásàrí yóò yára tẹ̀ léra. Kì í ṣe aago Èkó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi kírun, bí kò ṣe oòrùn ibi tí ó wà. Ní ti dídín ìrun kù, ẹ rántí pé àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti wo ìbéèrè yìí kí bàálù tó dé: ṣé ìwọ̀n ilẹ̀ ni a ó fi mọ arìnrìn-àjò, àbí ìwọ̀n àkókò? Nínú mádíhábì Málíkì tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀n ilẹ̀ ni, máìlì 48 àtijọ́, tí àwọn onímọ̀ òde òní kà sí bíi 80 kìlómítà. Nínú ti Hánáfì, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni. Nítorí pé ilẹ̀ ni Málíkì ń wò, ẹni tó jókòó sórí àga onítìmùtìmù nínú bàálù jẹ́ arìnrìn-àjò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yanrìn. Ìrọ̀rùn kò gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ÌYÁRA NÁ WA

Ẹ má ṣe rò pé bàálù dé, ìnira sì tán. Ní ọjọ́ 22 oṣù January 1973, bàálù kan tó ń kó àwọn aláàjì bọ̀ láti Jídà kò lè bà sí Èkó nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára. Ó yà sí Kánò, ó sì jóná níbẹ̀. Ènìyàn 176 ló kú nínú 202 tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 1991, bàálù mìíràn tó yẹ kí ó kó àwọn aláàjì wá sí Ṣókótó láti Jídà gbiná nígbà tó ń gbéra. Gbogbo ènìyàn 261 inú rẹ̀ ló ṣègbé. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé atẹ́gùn táyà bàálù náà kò tó, àwọn kan sì mọ̀ kí ó tó gbéra, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ, wọ́n sì ń kánjú. Ẹni tó ti dín ìrìn ọdún púpọ̀ kù sí wákàtí márùn-ún kò ní sùúrù wákàtí díẹ̀ láti fẹ́ táyà. Kí Ọlọ́hun ṣe ìkẹ́ fún gbogbo wọn.

Owó náà tún ń bẹ. Àwọn baba wa fi ọdún san owó hájì. Àwa ń fi náírà san án. Ní 2025, owó hájì láti Nàìjíríà ju mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà lọ. Ẹ fi ojú àgbẹ̀ Ìbàràpá tó ń ta ẹ̀gúsí àti pákí wò ó: ọdún mélòó ni yóò fi kó o jọ? Lójú wa, ọ̀nà kò kúrú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú oko rẹ̀ ni ó ti ń rin ìrìn Darfur tirẹ̀, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà bàálù. Èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíṣe aláàjì yangàn sí ẹni tí kò tíì lọ. Ẹni tó ní agbára ni hájì jẹ́ ọ̀ranyàn fún. Nínú Súrà Hájì pàápàá, ẹni tó fi ẹsẹ̀ wá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, kí wọ́n tó dárúkọ ẹni tó gun ẹran.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù April 2023, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan. Wọ́n ti òfuurufú ibẹ̀ pa. Bàálù tó ń kó àwọn aláàjì wa ní ọdún náà kò lè tọ òwú tó tọ́ mọ́. Wọ́n ní láti rọ́ọ́kà gba ìhà gúúsù, wákàtí tí wọ́n ń lò sì gùn sí i, èyí tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù béèrè àfikún owó. Kí a tó di ìgbà náà, ìwọ̀nba aláàjì ló mọ̀ pé Sudan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun bí ó ti ń fò lọ. El Geneina, níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń wọ Darfur, tí àwọn onílé ibẹ̀ ti ń fún àlejò lómi, wà lára àwọn ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn jù nínú ogun náà. Bí a bá ń tọrọ àdúà fún àwọn ará Sudan, kì í ṣe àdúà fún àjèjì ni. Àwọn ni wọ́n gba àwọn ènìyàn ìhà ọ̀dọ̀ wa sílé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ àwọn tó rìn sì wà láàárín wọn.

IṢẸ́ TÓ KÙ FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Igbó-Ọrà, Erúwà, Làńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan, iṣẹ́ méjì ni a fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́.

Èkíní, ẹ má ṣe fi ẹ̀kọ́ kéwú àti ẹ̀kọ́ iléèwé ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹ ti rí i nínú ọ̀rọ̀ yìí pé ẹni tí kò mọ̀ pé ayé rí roboto kò lè mọ ìdí tí kíbúlà fi wà níbi tó wà, ẹni tí kò sì mọ òfin ìrun kò ní mọ ohun tí yóò fi ìmọ̀ oòrùn àti aago ṣe nínú bàálù. Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ tó ń ṣírò kíbúlà láti ìlú wọn, ìmọ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ mú òwú àti àwòrán ayé, kí ẹ dán an wò fúnra yín.

Èkejì, ẹ tọ àwọn àgbà ilé yín lọ kí ó tó pẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ó kọ́kọ́ lọ sí Mọ́kà nínú ẹbí yín, ọ̀nà wo ni ó gbà, ọdún mélòó ni ó lò, ta ni ó bá a jáde tí kò bá a padà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọdún rẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Ìwé kò sí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí. Ẹnu àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni ìwé wọn wà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ń bọ́ sínú sàréè lọ́dọọdún. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ẹni tí Ọlọ́hun bá sì ṣe é fún nínú yín láti wọ bàálù lọ́jọ́ kan, kí ó má fi gbogbo wákàtí márùn-ún náà sùn. Bí ó bá ku bíi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí bàálù ọ̀nà tààrà dé Jídà, kí ó mọ̀ pé ìhà Darfur ni òun wà, kí ó sì ṣe àdúà fún àwọn tó ti rin ilẹ̀ náà kọjá lẹ́sẹ̀, àwọn tó dé àti àwọn tí kò dé.

Kí Ọlọ́hun Ọba gba hájì àwọn tó ti lọ, kí Ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń retí, kí Ó dá àlàáfíà padà sí ilẹ̀ Sudan, kí Ó sì forí ji àwọn tó sùn sójú ọ̀nà. Àmín.